Mo Lọ Kọ́ Ìpàdé Ṣíṣe ní Àbújá

Ẹ ti kí mi kú àbọ̀ títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ níbi ìdáhùn. Gbogbo ẹni tó kí mi ló ń wo ọwọ́ mi bóyá búrẹ́dì Àbújá wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè ohun tí ojú mi rí. N kò kàwé. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí Àdùkẹ́, ọmọ ọmọ mi, jókòó tì mí kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo bá ṣe ń sọ ọ́, kí ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó lọ, kí ẹ yé gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá Bọ́sẹ̀ tí kò kọjá ọjà Mọ̀pà rí. Kọ ìyẹn náà sí i, Àdùkẹ́. Òun náà mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ohun tó gbé mi lọ

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onírú mọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kí àwọn yòókù gbọ́. Láti ọjọ́ tí a ti kọ́ àgọ́ ìṣerú wa lẹ́yìn ọjà ni mo ti jẹ́ olórí. A tó ogójì nígbà náà. Nígbà tí mo ń lọ sí Àbújá, a ti ṣẹ́ ku mẹ́jọ. Àwọn yòókù ń se irú wọn nílé, lábẹ́ igi, òjò ń pa iná wọn, síbẹ̀ wọn kò padà sínú àgọ́. Ìyá Bọ́sẹ̀, tí a jọ dàgbà, tí a jọ ṣe ìyàwó lọ́dún kan náà, kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Baálẹ̀ wá ránṣẹ́ pé bí àgọ́ náà bá ṣófo báyìí títí irúgbá yóò fi gbó lọ́dún tó ń bọ̀, òun yóò gbà á fún àwọn tó ń tún alùpùpù ṣe.

Mo pe ìpàdé. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àwọn mẹ́jọ náà ni wọ́n ń wá. Wọn á jókòó, wọn á máa wò mí, èmi á sọ̀rọ̀ títí tí oòrùn á fi yẹ̀, a ó gbàdúrà, a ó tú ká.

Ẹ sì wò ó, iṣẹ́ ìpàdé ni iṣẹ́ Fúnmi ọmọ mi ní Àbújá. Wọ́n ń sanwó fún un nítorí ìpàdé. Nígbà tí ó kọ́kọ́ sọ fún mi, mo rò pé ó ń fi iṣẹ́ mìíràn pamọ́ fún mi ni, nítorí èmi ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó bí i. Ó pè mí lórí fóònù pé, "Màámi, ẹ wá. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi láti ibi gbogbo fẹ́ pàdé lọ́dọ̀ wa fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n gba ara wọn nímọ̀ràn." Mo ní ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ń wá: báwo ni a ṣe ń mú kí èèyàn jókòó? Fúnmi ní kí n ṣá máa bọ̀.

Lúgbè

Lúgbè ni ọmọ mi ń gbé, lójú ọ̀nà tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ilé ibẹ̀ jọra wọn débi pé bí mo bá jáde sí ẹnu ọ̀nà, n kì í yíjú kúrò lára tiwa, kí n má baà wọlé onílé. Ọmọ Fúnmi, Tóbi, gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀, bí ẹni tó dúró sí etí odò níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, olúkúlùkù ń juwọ́ sí ẹnì kejì.

Mo dé lọ́jọ́ kan, mo gbé àga sí ẹnu géètì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń dúró de àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá kí mi. Kò sí ẹni tó wá. Ọjọ́ kẹta, bákan náà. Mọ́tò wọn ni mo rí, n kò rí ojú wọn. Mo ní bóyá báyìí ni tiwọn, kí àlejò fúnra rẹ̀ lọ kí onílé. Ni mo bá wé gèlè, mo mú ọ̀nà pọ̀n.

Ní ilé àkọ́kọ́, obìnrin kan yọjú lójú wíńdò, ó ní ta ni mo ń wá. Mo ní n kò wá ẹnì kankan, mo wá kí i ni. Ó ní ṣé kò sí nǹkan. Mo ní kò sí nǹkan, ìdí tí mo fi lè wá kí i nìyẹn. Ó ti wíńdò. Ní ilé kejì, ajá ló dá mi lóhùn. Ní ilé kẹta, wọ́n pe mẹ́gáàdì àdúgbò sí mi.

Mẹ́gáàdì náà dé, Haúsá ni, Málààmù Sání ni wọ́n ń pè é, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun bí irun mi. Ó wò mí, ó tẹríba, ó ní, "Sànnu, Màmá." Mo ní, "Yauwa." Ó bi mí bí mo ṣe sùn, ó bi mí nípa àárẹ̀ ọ̀nà, ó bi mí nípa ọmọ, nípa ilé, nípa òjò ilé wa. Èmi náà bi í nípa tirẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba Haúsá tí mo gbọ́ lọ́jà nígbà èwe mi. A kí ara wa débi tí ó gbàgbé ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pè é. Ẹni tí wọ́n ní kó wá lé mi lọ, òun nìkan ló mọ ìkíni ní gbogbo Lúgbè. Láti ọjọ́ náà, òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń lọ gba ìkíni lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó jẹun.

Ẹja Kádò

Ní ọjọ́ Sátidé, Fúnmi gbé mi lọ sí Kádò, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja. Ààyè ni ẹja àrọ̀ náà, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú agbada ńlá. Ìka ni wọ́n fi ń pa ẹja níbẹ̀. N kò mọ̀. Mo na ìka sí ọ̀kan láti fi han Fúnmi pé ojú rẹ̀ jọ ti àna mi kan ní Ìsánlú. Kí n tó dárúkọ àna, ọmọkùnrin náà ti gbá ẹja náà lórí. Mo ní rárá, kì í ṣe pé mo fẹ́ rà á, mo sì na ìka sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé bí n bá tilẹ̀ fẹ́ rà, kékeré bí irú eléyìí ni. Ó pa ìyẹn náà. Fúnmi ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ọwọ́ yín sẹ́yìn."

Wọ́n yan méjèèjì lórí iná, wọ́n fi ata àti àlùbọ́sà bò wọ́n, wọ́n gbé dùǹdú tì í. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àna mi nínú ọkàn, mo sì jẹ ẹ́ dé ìrù. Ó dùn. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti tètè ṣe ohun tí mo wí tó bẹ́ẹ̀ rí, ó sì jẹ́ ohun tí n kò wí.

Gbọ̀ngàn tí kò ní tábìlì àgbà

Gbọ̀ngàn ìpàdé náà kò jìnnà sí ibi ẹja. Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, mo wọlé, mo wá tábìlì àwọn àgbà, n kò rí i. Àga ni wọ́n tò yípo, gbogbo rẹ̀ dọ́gba, èèyàn bí ogójì sì ti jókòó káàkiri bí ó ti wù wọ́n. Mo bi Fúnmi pé ta ni alága. Ó ní kò sí. Mo ní ta ni yóò ka ètò ìpàdé. Ó fi ògiri hàn mí: bébà ńlá kan ni, funfun, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Mo ní, "Háà, ẹ̀yin kò tíì múra sílẹ̀." Ó ní ìmúrasílẹ̀ tí àwọn ṣe nìyẹn.

Láàárín àga náà, bébà pélébé-pélébé àti bírò wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní ọmọ ta ló da èyí sílẹ̀ bí àlejò ṣe pọ̀ tó báyìí? Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣà wọ́n jọ, mo tò wọ́n sójú wíńdò. Ọkùnrin gíga kan tó ti Jọ́ọ̀sì wá, tí mo sọ ní Bàbá Jọ́ọ̀sì, rọra lọ kó wọn padà sílẹ̀. Mo rò pé kò rí mi ni. Mo tún ṣà wọ́n. Ó tún dà wọ́n sílẹ̀. Fúnmi di ọwọ́ mi mú, ó ní bébà náà ń dúró de ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ni: yóò wá mú un láàárín gbogbo èèyàn, yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ìyẹn ni yóò di ètò ìpàdé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn yóò lọ bá a ní igun tó bá mú.

Bàbá Jọ́ọ̀sì wá sọ òfin. Fúnmi ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá jókòó níbì kan, tí kò kọ́ nǹkan, tí kò sì ní nǹkan láti fi kún un, kí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dìde, kí ó lọ síbi tí yóò ti wúlò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bínú. Ẹ̀yin ará ilé, mo gbé ara mi láti ilé wá sí Àbújá láti kọ́ bí èèyàn ṣe ń jókòó, àwọn wọ̀nyí ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń dìde.

Ṣé ẹ rí i, iṣẹ́ gbogbo wọn ni kí wọ́n ṣí ìpàdé, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Fífi sílẹ̀ yẹn ló ń bá wọn jà. Òun gan-an ni wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí ní igun àkọ́kọ́ tí mo jókòó sí. Bàbá Jọ́ọ̀sì jẹ́wọ́ pé bí òun bá ti fi ìpàdé sílẹ̀ tán, òun á máa rìn kiri, òun á máa tún àga tó dúró dáadáa tò, kí wọ́n lè rí i pé òun wà níbẹ̀. Hajiya kan láti Kàdúná, arẹwà obìnrin tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, ní èso dàbínù ni òun máa ń fi sẹ́nu. Òun kì í jẹ ẹ́, òun kì í tu ú. Bí ó bá ti wà lẹ́nu òun, òun kò lè dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Ó ní nígbà mìíràn, eyín òun ti gé dàbínù kan sí méjì nítorí ìbínú.

Fúnmi náà sọ tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yíjú wò mí. Mo ní kí ni o sọ. Ó ní òun ń fi mí hàn wọ́n ni.

Èmi náà pe tèmi

Nígbà tí ó di ọ̀sán, mo lọ mú bébà láàárín wọn. Fúnmi kọ ọ́ fún mi: Bí a ṣe ń mú kí èèyàn jókòó. Mo mú igun tó wà lẹ́bàá fáànù. Mẹ́sàn-án nínú wọn tó gbọ́ Yorùbá wá bá mi, àwọn ọmọ wa tí wọ́n dàgbà sí Àbújá, tí wọ́n ń bá àwọn báǹkì àti irú ibi bẹ́ẹ̀ ṣí ìpàdé. Ìyá àgbà kan náà wá, Gwárí ni, amọ̀kòkò láti Kwali, ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí. Fúnmi ti ṣí ìpàdé fún àwọn amọ̀kòkò rí, ìyẹn ló mú un dé ibẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń fi Haúsá túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi fún un.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ bí a ṣe ń pe orúkọ, bí a ṣe ń bá ẹni tó pẹ́ dé wí, bí a ṣe ń ka ọ̀rọ̀ ìpàdé tó kọjá láti orí dé ìdí. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni mo ń wo igun àwọn yòókù. Èèyàn ń dìde, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, bí eèrà tí omi wọ ihò rẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, ẹnikẹ́ni kò mira. Mo wo ọ̀dọ̀ Fúnmi, mo fi ojú sọ fún un pé, ṣé o rí i?

Ẹnu mi ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó pẹ́ dé nígbà tí Ìyá Kwali dìde. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká bí ẹni tó ń kí mi kú iṣẹ́, ó sì lọ síbi wíńdò lọ mu sóbò. Kò dúró kí n parí gbólóhùn. Mo wo àwọn mẹ́sàn-án náà. Gbogbo wọn fi ojú tẹ̀lé e, bí ewúrẹ́ tí a so mọ́lẹ̀ ṣe ń wo èyí tí okùn rẹ̀ já.

 Mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, kí ló dé tí ẹ kò lọ?"

 Mo kọjú sí ọ̀kan nínú wọn, Déjì, tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Mo ní kó má purọ́ fún mi, ṣé ó ń kọ́ nǹkan kan? Ó wolẹ̀.

"Mà, láti ìgbà tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ orúkọ pípè ni mo ti fẹ́ lọ tọ̀."

"Kí ló dá ọ dúró?"

"Àgbà ń sọ̀rọ̀, mà. Tí mo bá dìde, tí ó bá dé etí màmá mi ńkọ́?"

Mo ní kó máa lọ. Ó sáré jáde bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo sọ fún àwọn mẹ́jọ tó kù pé kí àwọn náà máa lọ, mo ti tú wọn sílẹ̀. Wọ́n ní rárá, mà, kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, ó ń yé wọn. Mo ní mo ní kí ẹ lọ. Ọ̀kan kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú. Mo ka iye tí wọ́n jẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mẹ́jọ. Mẹ́jọ tèmi nílé wá sí mi lọ́kàn: ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbẹ̀bí wọn. Kò sí ẹgbẹ́ mi kan láàárín wọn. Ohun tí mo ń pè ní ìjókòó, ìtìjú ni.

N kò rí ọ̀nà mìíràn tí mo lè fi dá àwọn ọmọ náà nídè. Èmi ni mo dìde. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ bá Ìyá Kwali. Kí n tó dé ibi wíńdò, wọ́n ti túká.

Mo ní kí wọ́n bá mi bi í, òun tó mọ bí a ṣe ń fi olórí sílẹ̀, báwo ni wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwọn. Ó rò ó, ó mu sóbò, ó ní bí àwọn bá ń mọ ìkòkò, ìkòkò á dúró sójú kan, àwọn ni àwọn ń yí i ká. Mo mi orí, mo ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn, pé olórí ìpàdé ni kó máa yí èèyàn ká. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní kai, òun kò sọ̀rọ̀ ìpàdé, ìkòkò ni òun ń sọ.

Nínú mọ́tò

Nígbà tí a ń padà sí Lúgbè, mo ní kí Fúnmi sọ ohun tó sọ tí wọ́n fi ń wò mí rẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rín bò ó. Nígbà tó yá ó sọ ọ́.

"Mo ní bí ìpàdé bá fẹ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, tí n kò gbọdọ̀ dá sí i, ohùn yín ni mo máa ń gbọ́ ní ọ̀nà ọ̀fun mi."

A kọjá ibi tí ọkọ̀ ti ń pọ̀. Mo wá bi í pé, "Ohùn náà, ṣé òótọ́ ló máa ń sọ?"

"Lọ́pọ̀ ìgbà, Màámi. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ó ṣòro."

Ní ọjọ́ kejì, Hajiya fún mi ní dàbínù. Mo fi í sẹ́nu, mo jókòó láàárín wọn láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, n kò sọ nǹkan kan. Mẹ́ta ni mo jẹ.

Ilé

Mo dé, mo ránṣẹ́ sí gbogbo onírú, àti ẹni tó kù àti ẹni tó ti lọ. Mo ní kò ní sí orúkọ pípè. Mo to àga yípo nínú àgọ́. Ẹ̀yin mẹ́jọ jókòó. Àwọn bíi mẹ́fà mìíràn dúró lẹ́yìn ògiri, pẹ̀lú Ìyá Bọ́sẹ̀, bí ẹni tó ń kọjá lọ. Mo ní ta ló ní ọ̀rọ̀. Ẹ wò mí. Mo dákẹ́. Ẹ ń wò mí ṣáá. Mo mọ ìwò náà dáadáa, òun ni mo rí ní Àbújá.

Mo dìde, mo ní àgọ́ yín ni, ọ̀rọ̀ yín ni, mo ń lọ sílé. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, mẹ́rin nínú yín ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹ ní kí n dárí jì yín, ẹ kò sì tíì ṣẹ̀ mí. Mo ní ẹni tó bá tẹ̀lé mi ni yóò ṣẹ̀ mí.

Ẹ̀yin mọ ohun tí ẹ sọ lẹ́yìn tí mo lọ. Ẹ kò mọ ohun tí èmi ṣe. Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, níbi tí etí mi ti lè gbọ́ àgọ́ díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní ó ti parí, kí Baálẹ̀ máa kó àwọn alùpùpù rẹ̀ bọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ariwo. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Bọ́sẹ̀ nínú àgọ́, kì í ṣe lẹ́yìn ògiri mọ́. Mo gbọ́ orúkọ mi, ẹ kò sì fi ṣe oríkì. Mo dìde ààbọ̀, mo tún jókòó. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, gbogbo yín lápapọ̀. N kò mọ ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín títí di òní, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi.

Nígbà tí oòrùn yẹ̀ díẹ̀ ni mo rí Rẹ̀mí ìyàwó àbúrò ọkọ mi tó ń sáré bọ̀ láti àgọ́. Mo tún gèlè mi wé. Mo ní ó ti ṣẹlẹ̀, wọ́n ti há, wọ́n wá pè mí. Mo múra ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó dé, ó kúnlẹ̀.

Mo ní, "Ó ti dàrú, àbí?"

"Rárá o, Ìyá. Ìjókòó ni kò tó wa mọ́. Wọ́n ní kí n wá yá bẹ́ǹṣì yìí lọ́wọ́ yín."

Mo ní ta ló wà lórí ìdúró.

"Ìyá Bọ́sẹ̀ ni, àti àwọn tó bá a wá."

Mo dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Rẹ̀mí gbé e lérí, ó yí padà, ó ń sáré lọ, kò tilẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ tẹ̀lé òun.